Àmì X Dòsùmú: Ìgbà Àtọkànwá àti Ìfipámúni nínú Ìwé Àdéhùn Èkó, 1861

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, wọ́n fi àmì X dípò ìfọwọ́síwèé Ọba Dòsùmú sí ìsàlẹ̀ ìwé kan tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà sọ pé ọba fi èbúté àti erékùṣù Èkó, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ àti èrè tí ó rọ̀ mọ́ wọn, lé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àrólé rẹ̀ lọ́wọ́ títí láé. Ó sọ pẹ̀lú pé ìmọ̀ràn àti ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni ọba fi ṣe é. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọba kan náà fi ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Fitóríà pé ẹ̀rù ìbọn ọkọ̀ ogun ni ó mú òun fọwọ́ sí i.

Àwọn òpìtàn ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ìdí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó. Wọ́n ti jiyàn lórí òwò ẹrú àti òwò epo pupa, lórí Dàhòmì àti Abẹ́òkúta, lórí àwọn oníṣòwò tí ń wá ibi tí owó wọn yóò ti ní ààbò. A kò ní tún iyàn náà jà níhìn-ín. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ẹ̀sùn tí Dòsùmú mú wá, nítorí pé ẹ̀sùn òfin ni: ó ní òun gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tinútinú òun. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀sùn yìí? Ta ni ó gbọ́ ọ? Èrò wa ni pé kò sí ilé ẹjọ́ kankan tí ó dá a rí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá gbé ìwé 1861 yẹ̀ wò ní ọdún 1921, ìbéèrè mìíràn ni ó béèrè. Kò béèrè bóyá tinútinú ni ọba fi fi Èkó sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó fi sílẹ̀ gan-an. Ìyípadà ìbéèrè yìí ni ó yọ ilẹ̀ àwọn ẹbí Èkó lọ́wọ́ ìjọba. Òun náà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìfipámúni wà nílẹ̀ títí di òní láìsí ẹni tí ó dá a.

Kí ni à ń pè ní ìgbà?

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń sọ pé ẹnìkan fara mọ́ ohun kan, òun náà ni a sì fi ń sọ pé wọ́n mú ohun náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dòsùmú gbà; Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Èyí kò túmọ̀ sí pé èdè náà kò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni ó fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: tinútinú, tìfẹ́tìfẹ́, tipátipá, tipá-tìkúùkù. Ẹni tí ó bá ń jẹ́rìí sí àdéhùn láàárín wa kò tíì jẹ́rìí tán bí ó bá sọ pé àwọn méjèèjì gbà. Ó kù kí ó sọ bí wọ́n ṣe gbà.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì náà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Láti ọ̀rúndún 16, nínú ẹjọ́ Thoroughgood, àwọn adájọ́ ti sọ pé bí a bá ka ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé ní ọ̀nà tí kò bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu, ìwé náà kò dè é. Ẹni tí wọ́n fi ikú, ìpalára tàbí àtìmọ́lé halẹ̀ mọ́ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé lè kọ ìwé náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ̀. Ní 1841, nínú ẹjọ́ Skeate àti Beale, ilé ẹjọ́ sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹrù ẹni ni wọ́n halẹ̀ mọ́, tí kì í ṣe ara ẹni, àdéhùn náà dúró gbọn-in. A retí pé kí ènìyàn ní ọkàn akin lórí ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ka òfin tí wọ́n ń pè ní equity ni ojú rẹ̀ mú ju èyí lọ. Òun kì í wá ìbọn tàbí kùmọ̀ kiri. Ohun tí ó máa ń wò ni bóyá ẹnìkan gbára lé ẹnìkejì débi tí kò fi lè sọ pé rárá fún un, àti bóyá ẹni tí a gbára lé yìí fi ipò rẹ̀ gba ohun tí kò yẹ kí ó gbà.

Ibi tí a ti kó gbogbo èyí jọ sójú kan ni Òfin Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1872. Òfin náà béèrè ìgbà àtọkànwá kí àdéhùn tó lè múlẹ̀, ó sì ka ohun márùn-ún tí ń ba irú ìgbà bẹ́ẹ̀ jẹ́: ìfipámúni, ìlò ipò lọ́nà àìtọ́, ẹ̀tàn, ìṣìnilọ́nà, àti àṣìṣe. Kò ní agbára ní Èkó rí. A mẹ́nu bà á nítorí pé ó fi ohun tí ìjọba kan náà mọ̀ hàn wá, ohun tí ó sì rò pé ó yẹ kí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ máa fi dá ẹjọ́ ara wọn, ọdún 11 péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Èkó. Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí a óò nílò níwájú: àdéhùn tí a fi ipá gbà kì í di òfo fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ipá mú ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé e. Bí kò bá fagi lé e, ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ

A kò lè lóye oṣù kẹjọ 1861 láìpadà sẹ́yìn ní ọdún 10. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú, nínú ọkọ̀ ogun Penelope ni ó sì ti fọwọ́ sí i. Ó wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùmú sì gorí oyè pẹ̀lú àtìlẹ́yìn kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell. Kòsọ́kọ́ wà ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Èkó. Àdéhùn tí Campbell bá a ṣe ní 1854, pé kí ó má dí Èkó lọ́wọ́ mọ́, ni ó jẹ́ kí ìlú ní ìsinmi díẹ̀. Báyìí ni Dòsùmú ṣe jọba fún ọdún mẹ́jọ: ìbọn ẹlòmíràn ni ó gbé bàbá rẹ̀ padà sórí àga, ìbọn ẹlòmíràn náà ni kò jẹ́ kí ọ̀tá wọlé. Ẹni tí ó ni ìbọn ni ó wá di ẹni tí ń béèrè.

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1861, Lord John Russell, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Lọ́ńdọ́nù, kọ̀wé sí kọ́ńsù Èkó pé ìjọba ti pinnu láti gba Èkó kí ó di tirẹ̀ títí lọ. Òwò ẹrú ni ó kọ́kọ́ kà gẹ́gẹ́ bí ìdí, lẹ́yìn náà ni ó kan ìrànlọ́wọ́ fún òwò tí ó bófin mu àti dídá ọba Dàhòmì lẹ́kun. Ó fi kún un pé òun kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ Dòsùmú jẹ, nítorí náà kí wọ́n fún un ní owó ọdọọdún. Foote tí wọ́n kọ ìwé náà sí ti kú kí ó tó dé. William McCoskry, oníṣòwò tí ó ń ṣe adelé kọ́ńsù, ni ó gbà á. Kí òǹkàwé kíyè sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí. Ìpinnu ti wáyé, ẹ̀bùn ìtùnú pàápàá ti wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi ọba léèrè ohun kan.

Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, wọ́n pe Dòsùmú sínú ọkọ̀ ogun Prometheus, níbi tí McCoskry àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ti sọ ohun tí ìjọba fẹ́ fún un. Ó ní òun yóò bá àwọn ìjòyè òun sọ ọ́. Èsì tí ọba Yorùbá yòówù yóò fọ̀ nìyí, kì í ṣe ọgbọ́n ìfòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la. Ọba tí kò bá gbọ́ ohùn ìjòyè kò ní ohùn tí yóò fi dáhùn. Àwọn ìjòyè kọ̀. Ọkọ̀ ogun sún mọ́ ìlú. Wọ́n dá ọjọ́ fún ọba. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn sójà ojú omi gúnlẹ̀, ọba àti àwọn mẹ́rin kan fọwọ́ sí ìwé, àsíá Gẹ̀ẹ́sì gòkè, ìbọn 21 dún, àwọn ọmọ ilé ìwé mísọ́nnárì sì kọ orin ìyìn Ọbabìnrin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ni.

Àwọn baba wa ní, àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe náà ti gbà pé onílé lágbára láti kọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ìdí tí ẹni tí ó lè wó ilé láìtọrọ àyè fi jókòó dúró de ìfọwọ́sí onílé. Ní 1851, wọ́n gba Èkó láìbéèrè ìwé lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́. Ní 1861, wọ́n fẹ́ ìwé. A rò pé ìdí méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n fẹ́ ẹ̀rí tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn kò ní lè bá wọn jiyàn lé lórí. Ìkejì ni pé ìjọba tí ó sọ pé òun ń gbógun ti òwò ẹrú, òwò tí a fi ipá gbé kalẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò lè sọ ní gbangba pé ipá ni òun fi gba ìlú. Nítorí náà ni ìwé 1861 fi kún fún èdè ìfẹ́ àti ìgbà. Kò sí ìbọn kan nínú rẹ̀.

Orúkọ tí ó wà lábẹ́ ìwé náà

Orúkọ mẹ́rin ni ó tẹ̀ lé ti ọba: Telake, Rocamena, Obalekow, Achebong. Báyìí ni akọ̀wé ṣe kọ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ Dòsùmú ní Docemo. Ó jọ pé Aṣògbọ́n ni ó wà lẹ́yìn èyí tí ó kẹ́yìn. Bí a bá ní láti dúró ronú kí a tó mọ oyè tí a ń kà, ó yẹ kí ó yé wa bí etí tí ó gbọ́ ọ ṣe jìnnà sí ẹnu tí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí níbẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn Ìdẹ̀jọ, ìjòyè onífìlà funfun bí Olúwa, Oníru, Ọ̀jọ́rà àti Onísìwò, ni wọ́n ń ṣe olórí àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ọba ni ó ni ìlú. Kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ wọn. Kò sí oyè kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lórí ìwé náà. Gbólóhùn tí ó sọ pé ìgbìmọ̀ ọba fọwọ́ sí i ń sọ ju ohun tí àwọn orúkọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbé lọ.

Bí a bá fi ohun márùn-ún tí ń ba ìgbà jẹ́ wọn ọ̀ràn yìí, ti ìfipámúni ni ó rọrùn jù. Àní lábẹ́ òfin tóóró ti Skeate àti Beale, ìbọn ọkọ̀ ogun tí a dojú rẹ̀ kọ ìlú tí ènìyàn kún kì í ṣe ìhàlẹ̀ mọ́ ẹrù. Àwọn ará Èkó kò ní láti fi ojú inú wo ohun tí ìbọn náà lè ṣe. Ọdún 10 sẹ́yìn ni wọ́n rí i.

Ti ìlò ipò, ní tiwa, ni ó lágbára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Dòsùmú kò dúró níwájú McCoskry bí ẹni méjì tí ń ná ọjà. Alátìlẹ́yìn rẹ̀ ni ó dúró tì í. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ká ọwọ́ kúrò, Kòsọ́kọ́ wà ní tòsí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, Dòsùmú sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. (Ní 1862, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wọ Èkó.) Ẹni tí ó wà ní irú ipò yìí lè fọwọ́ sí ohunkóhun láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè. Ìdí nìyí tí equity fi máa ń sọ pé kí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbára lé e wá fi hàn pé olóore náà ní olùdámọ̀ràn mìíràn àti àkókò láti ronú. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Dòsùmú ní, àwọn olùdámọ̀ràn tí ó ní sì ti sọ pé rárá.

Ti àṣìṣe ni kò rọrùn, ibẹ̀ ni a kò sì fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ọba aláìmọ̀wé ni, nítorí náà kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Òótọ́ ni pé kò ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi 1853 ni òun alára ti ń fún àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníṣòwò Yúróòpù ní ìwé ilẹ̀ tí ó ní èdìdì rẹ̀. Ó mọ agbára ìwé dáadáa. Ìwé 1861 pàápàá jẹ́rìí sí èyí, nítorí pé abala kan nínú rẹ̀ sọ pé kí ó máa lo èdìdì rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, kí ó máa jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ń gbé lọ́wọ́ fún ara wọn. Abala mìíràn jẹ́ kí ó máa jẹ́ ọba ní ìtumọ̀ tí ilẹ̀ Áfíríkà fún ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì máa parí ìjà àwọn ọmọ Èkó tí ó bá wù láti wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọba tí ó gbọ́ pé òun yóò máa jẹ́ ọba, tí òun yóò máa lo èdìdì òun, tí òun yóò sì máa dá ẹjọ́, kí ni yóò rò pé òun fi sílẹ̀? Bí àṣìṣe bá wà, kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ti ẹni tí ó mọ ìwé ni, tí ó sì gbé ìwé tuntun ka orí èyí tí ó ti mọ̀. Nínú àṣà wa, àlejò tí a fún ní ilẹ̀ ń lò ó, ó sì ń jẹ èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fún un. Gbólóhùn títí láé kò ní ibùgbé nínú irú ìfúnni bẹ́ẹ̀.

Àpò owó ẹyọ 1,200

Ìwé oṣù kẹjọ kò dárúkọ iye kan. Ó kàn sọ pé ọba yóò máa gba owó ọdọọdún tí yóò dọ́gba pẹ̀lú èrè tí ó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀. Àdéhùn tí a kò tíì dá iye rẹ̀ kò tíì parí, èyí sì ni ó mú kí wọ́n tún pe Dòsùmú láti fọwọ́ sí àfikún kan ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1862, lẹ́yìn tí H. S. Freeman ti dé gẹ́gẹ́ bí gómìnà àkọ́kọ́. Nínú àfikún yìí, ọba sọ pé ìwé àdéhùn náà yé òun, pé òun fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àti pé òun gbà láti máa gba àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Àpò kan jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24. Ní owó Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi £1,030.

Ìwé kékeré yìí kì í gba àfiyèsí tí ó yẹ ẹ́. Lójú òfin, òun ni ó léwu jù fún ẹ̀sùn Dòsùmú. A ti rí i pé ẹni tí wọ́n fi ipá mú gbọ́dọ̀ fagi lé àdéhùn nígbà tí ọwọ́ ipá bá kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá tún un fọwọ́ sí, tàbí tí ó ń gba èrè rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn àfikún náà mọ òfin yìí. Ọba tí ohun tí ó fọwọ́ sí yé lóòótọ́ kì í sábà ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé ó yé òun. Ẹni tí ó nílò gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti gbọ́ pé ọba ń sọ níta pé kò yé òun, tàbí pé òun kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọwọ́ ipá ti kúrò ní oṣù kejì 1862? Gómìnà wà nílùú, àsíá wà lókè, owó ibodè tí ó jẹ́ orísun èrè ọba ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tuntun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún Dòsùmú láti rí owó bọ́ ààfin ni owó ọdọọdún tí ìwé náà ṣèlérí. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kò sí Èkó, kò sí owó. A kò lè pe gbígbà irú owó bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ́wọ́gbà. Títí ó fi wàjà ní 1885, ipò tí ó wà nìyẹn.

Ẹjọ́ tí kò ní ilé ẹjọ́

Ká sọ pé Dòsùmú fẹ́ pe ẹjọ́. Níbo ni ìbá gbé e lọ? Ní 1859, ọdún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ Èkó, Privy Council ti dá ẹjọ́ opó Rájà Tanjore ní Íńdíà, tí ilé iṣẹ́ East India Company kó ohun ìní ọkọ rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní iṣẹ́ ìjọba sí ìjọba ni, ilé ẹjọ́ kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Ìlẹ̀kùn yìí ni Dòsùmú ìbá kàn. Bí ó bá sì yà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé lórí òfin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ohun tí ìbá gbọ́ ni pé ìfipámúni kì í fagi lé ìwé àdéhùn láàárín ìjọba, nítorí pé ẹni tí a ṣẹ́gun ni ó sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ara ọba tàbí aṣojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n halẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ yìí dára nínú ìwé. Ní Èkó, níbi tí ààfin wà lójú ọ̀sà, ìbọn tí ó kọjú sí ìlú kọjú sí ọba.

Àdéhùn Vienna ti 1969 ló wá sọ ọ́ kedere, ní abala 51 àti 52, pé ipá sí aṣojú àti ipá sí orílẹ̀-èdè, bí ó bá ta ko ìwé òfin Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ń sọ ìwé àdéhùn di òfo. Kò wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé ní 1863, òfin tí ìjọba tuntun ṣe mú òfin Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó ní láti sọ nípa ìfipámúni. Láti ọdún náà, bí ọmọ Èkó kan bá fi àdá halẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ títí ó fi fọwọ́ sí ìwé ilé, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lè fagi lé e. Ìwé kan ṣoṣo tí kò sí lábẹ́ òfin náà ni ìwé tí ó gbé òfin náà dé.

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún ìlò ìlú. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ̀jọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú dé ilé ẹjọ́, adájọ́ ní Èkó sọ pé ẹ̀tọ́ ìdarí lásán ni Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ti oní-nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà dé Privy Council. Bí agbẹjọ́rò Olúwa bá dúró níbẹ̀ láti sọ pé ipá ni wọ́n fi gba ìwé 1861, ọ̀rọ̀ opó Tanjore ni wọn ìbá fi dá a lóhùn. Viscount Haldane, tí ó kọ ìdájọ́ ní 1921, gba ibòmíràn. Ó ní òótọ́ ni pé ọba gbé àṣẹ ìjọba lé Ọbabìnrin lọ́wọ́, tí gbòǹgbò ẹ̀tọ́ ilẹ̀ sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn gbogboogbò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ti àṣẹ ìjọba ni ó ń sọ, kò sì sí ohun tí ó fi hàn pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí ìjọba sanwó fún Olúwa lórí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní.

Àwọn ará Èkó yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Ìdájọ́ náà di ìpìlẹ̀ fún ẹjọ́ ilẹ̀ jákèjádò àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n kí a wo iye tí wọ́n rà á. Kí Olúwa tó lè jàre, ìwé 1861 ní láti dúró. Orí rẹ̀ ni ìdájọ́ náà gbé ilé rẹ̀ lé. Ohun tí ó kéré tí Dòsùmú fi sílẹ̀ lójú Haldane wúlò nítorí pé a ti gbà pé ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tí ń kọ́ni ní òfin ilẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa ń ka ẹjọ́ Amodu Tijani gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun. Ìwọ̀nba ni ó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìṣẹ́gun náà ti fọwọ́ sí àmì X ọjọ́sí.

Ní 1920, nígbà tí ẹjọ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, Herbert Macaulay bá Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ nípa ipò Ẹlẹ́kọ̀ bí ìjọba Èkó nínú. Wọ́n ní kí Èṣùgbàyí sọ ní gbangba pé òun kò bá Macaulay mọ̀ ọ́n, kí ó sì rán akéde pẹ̀lú agogo yí ìlú ká láti kéde rẹ̀. Èṣùgbàyí, ọmọ Dòsùmú, fún wọn ní ìwé. Ó kọ̀ láti rán agogo. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Ẹlẹ́kọ̀ mọ́, wọ́n sì dá owó ọdọọdún rẹ̀ dúró.